Ọmọ Àgbẹ̀ tí ó fi Kẹ̀kẹ́ Àlòkù Tan Iná

Inú òbí púpọ̀ kì í dùn nígbà tí wọ́n bá bá ọmọ wọn níbi tí ó ti tú rédíò ilé palẹ̀, tí ó to ẹ̀yà rẹ̀ sórí ẹní, tí ó sì tẹjú mọ́ ọn. Pàṣán ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wọn. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí owó ni a fi ra rédíò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìtàn ọmọ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Màláwì kí wọ́n tó na ọwọ́ sí pàṣán náà.

William Kamkwamba ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1987 ni a bí i. Òun nìkan ni ọkùnrin láàárín ọmọbìnrin mẹ́fà, ní agbègbè Wimbe, ní ìhà Kasungu. Màláwì wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn Áfríkà, àgbàdo sì ni ẹ̀mí àwọn ará ibẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ro nsima, oúnjẹ òkèlè tí ó jọ túwó. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni àkókò òjò wọn: wọn a gbìn ní nǹkan bí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, wọn a sì kórè ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Bí òjò náà bá já wọn kulẹ̀, kò sí àrọ̀kúrò tí wọ́n lè tún máa retí gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti í retí tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ọdún 2001. Àgbàdo kò ṣe, ìyàn sì mú ní gbogbo ilẹ̀ náà títí wọ ọdún 2002. Ènìyàn púpọ̀ ni ó kú. Ní ilé Kamkwamba, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹun, ní alẹ́, òkèlè mẹ́ta ni ó sì ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ni a ń san ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Baba kò rí i san, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà sì padà sí ilé.

Kò jókòó káwọ́ gbera. Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Wimbe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yé e tó, ṣùgbọ́n a máa wo àwòrán, a sì máa ti ara àwòrán mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí: abẹ̀bẹ̀ ńlá lórí òpó, tí ó lè mú iná mànàmáná jáde, tí ó sì lè fa omi. Bí omi bá lè ti inú kànga dé oko, àgbẹ̀ kò ní máa wo ojú ọ̀run nìkan mọ́. Ohun tí ọmọ tí ebi ń pa rí nínú àwòrán náà nìyẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàìmọ iṣẹ́ irin tẹ́lẹ̀. Òun àti Geoffrey ìbátan rẹ̀ ti ń tún rédíò ṣe fún àwọn ará abúlé. Ó sì ti ṣàkíyèsí dáínámò, ẹ̀rọ kékeré tí í fara ti táyà kẹ̀kẹ́, tí í sì í tan iná iwájú rẹ̀. Òòfà kan ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà tí a wé jọ. Bí òòfà àti wáyà náà bá ti ń yí sí ara wọn ni iná ń ṣàn. Àwọn ọmọ náà so wáyà dáínámò mọ́ ibi tí bátìrì rédíò ń gbé, wọ́n sì yí pẹ́dà kẹ̀kẹ́. Rédíò kò fọhùn. Wọ́n tún un so mọ́ ihò tí í gba iná ilé, orin sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iná bátìrì ọ̀nà kan ni í tọ̀, ṣùgbọ́n ti dáínámò a máa lọ a máa bọ̀ gẹ́gẹ́ bí iná ilé. (Kí ọmọ ẹnikẹ́ni má ṣe ti èyí ki ọwọ́ bọ iná ilé o. Iná dáínámò kẹ̀kẹ́ kéré. Ti ilé a máa pa ènìyàn.)

Láti ibi tí a kó irin àlòkù dà sí nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ girama náà ni ó ti ṣa fáànù katakata àti ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Baba rẹ̀ yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́. Ó yan páìpù rọ́bà lórí iná títí ó fi rọ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì gé e di apá abẹ̀bẹ̀. Dáínámò nìkan ni ó kù tí kò rí, Gilbert ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì fi owó ara rẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ní kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìyá rẹ̀ pàápàá rò pé orí ọmọ òun ti dàrú. Ìyá wo ni kò ní rò bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá ń ru irin ìdọ̀tí wọlé lójoojúmọ́ nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú ìkòkò?

Igi yukalíptọ́ọ̀sì ni ó fi ṣe òpó, tí ó ga tó mítà 5. Afẹ́fẹ́ fẹ́, abẹ̀bẹ̀ yí, gílóòbù kékeré kan sì mọ́lẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n wá wòran. Láti ọ̀kan, iná náà di mẹ́rin. Ó fi rọ́bà sálúbàtà ṣe ojú ibi tí a fi ń tan án tí a fi ń pa á. Nítorí pé wáyà tí ó bá kan ara wọn lè dá iná sílé, ó tún ṣe ohun èlò kan, gẹ́gẹ́ bí agogo oníná ti rí, tí yóò já iná náà fúnra rẹ̀. Ilé bọ́ lọ́wọ́ èéfín àtùpà epo, èyí tí í ta ojú, tí í sì í mú ni wúkọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ilé náà láti fi iná sí fóònù alágbèéká wọn. Àwọn tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín wà lára wọn.

Ní ọdún 2007 ni a pè é lọ sí Arusha ní Tanzania láti wá sọ ohun tí ó ṣe. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014. Chiwetel Ejiofor ṣe sinimá ìtàn rẹ̀ ní ọdún 2019, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe baba ọmọ náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé rẹ̀ ní ohun mìíràn tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ó gbé òpó náà ga sókè tó mítà 12, kí igi má ba à dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Lẹ́yìn náà ó ri ẹ̀rọ tí í fi agbára oòrùn fa omi mọ́ kànga, àwọn obìnrin sì ń gbé garawa wá pọn omi mímu níbẹ̀.