Wáìnì wo ló bá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ? Ẹ bi ìkòkò léèrè, ẹ má bi àwọ̀

Ní ìlú Segovia lórílẹ̀-èdè Spéènì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá omi àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù kọ́, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Mesón de Cándido. Bí wọ́n bá gbé odindi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ jáde látinú ààrò níbẹ̀, wọn kì í mú ọ̀bẹ. Etí àwo tánganran ni wọ́n fi ń gé e. Awọ rẹ̀ á dún kẹ́kẹ́kẹ́ bíi ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹran abẹ́ rẹ̀ á sì já wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tútù. Bí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á la àwo náà mọ́lẹ̀, á fọ́ yángá, àwọn àlejò á sì pàtẹ́wọ́.

Ọmọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún, wàrà ìyá rẹ̀ nìkan ló sì mu títí wọ́n fi pa á. Kí wọ́n tó pín in tán, agbáwo á ti dé ẹ̀gbẹ́ yín: wáìnì wo ni kí n gbé wá?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àròjinlẹ̀. Òfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ni pé wáìnì pupa ló yẹ ẹran pupa, wáìnì funfun ló yẹ ẹran funfun àti ẹja. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màlúù pupa, adìyẹ funfun. Ẹlẹ́dẹ̀ wá ńkọ́?

Àwọ̀ tó ń tan èèyàn jẹ

Èròjà kan tó ń jẹ́ myoglobin, tó ń kó afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pamọ́ sínú iṣan, ló ń mú kí ẹran pupa. Ó pọ̀ nínú màlúù, ó kéré nínú igẹ̀ adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ ẹran pupa. Síbẹ̀, lọ́dún 1987, nígbà tí àwọn oníbàárà ń yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran adìyẹ, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ gbé ìpolówó ńlá kan jáde tó pè é ní ẹran funfun kejì. Ẹran kò yí padà, orúkọ ni wọ́n pa dà.

Àwọ̀ wáìnì pàápàá kò ṣeé fọkàn tán. Lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, gbé èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n po aró pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún wáìnì pupa ni wọ́n fi júwe òórùn rẹ̀. Ojú ló rí pupa, imú sì gbà á gbọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìpolówó lè sọ ẹran pupa di funfun, tí aró sì lè tan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wáìnì jẹ, a jẹ́ pé ibòmíràn ló yẹ ká ti máa wá ìdáhùn. Ibẹ̀ náà ni ìkòkò: báwo ni ọ̀rá inú ẹran yìí ti pọ̀ tó? Ṣé iyọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀? Ṣé ó kan, ṣé ó dùn, àbí ata ló wà lórí rẹ̀?

Àkàrà àti ògì ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá ti fi ògì gbígbóná jẹ àkàrà láàárọ̀ Sátidé ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn àkàrà kẹta, epo á ti bo ahọ́n, adùn rẹ̀ á ti máa rẹlẹ̀. Ẹ wá fi ògì kíkan kan lé e. Itọ́ á sun sí ẹnu, epo á ṣí kúrò, àkàrà kẹrin á sì tún dùn bí èyí àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ìkan inú ògì ń ṣe fún àkàrà ni ásíìdì inú èso àjàrà ń ṣe fún ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ wo Alsace, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tó ti bá Jámánì pààlà. Wọ́n á rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sì dè é mọ́nú àgbá títí yóò fi kan. Wọ́n á wá sè é pẹ̀lú ẹran èjìká ẹlẹ́dẹ̀, ẹran tí wọ́n fi èéfín yan, àti sọ́séèjì oríṣiríṣi. Choucroute garnie ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Lára bakitéríà tó ń mú kábéèjì yẹn kan ni Lactobacillus plantarum, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá nínú ògì wa.

Riesling ni wọ́n máa ń gbé tì í, wáìnì funfun tó kan gan-an. Ìdí rẹ̀ ju ọ̀rá lọ. Bí oúnjẹ bá kan ju wáìnì lọ, wáìnì náà á tẹ́ lẹ́nu, á dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Nítorí náà, wáìnì gbọ́dọ̀ kan tó oúnjẹ, ó kéré tán.

Wáìnì tó ń hó náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní agbègbè Bairrada, lórílẹ̀-èdè Pọ́túgà, wọ́n á fi áyù, iyọ̀, ata dúdú àti ọ̀rá pa inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á tì í mọ́gi, wọ́n á sì yan án nínú ààrò onígi títí awọ rẹ̀ yóò fi le gbagidi. Ọsàn tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wáìnì funfun tó ń hó ni wọ́n ń mu sí i, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ládùúgbò yẹn láti ọdún 1890. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide inú rẹ̀ máa ń di ásíìdì bó bá kan ahọ́n, òun ló ń ta èèyàn lẹ́nu bíi mínírà, tó sì ń fọ ọ̀rá dànù.

Ẹ kọjá sí Emilia-Romagna nílẹ̀ Ítálì, níbi tí sọ́séèjì mortadella àti itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ ti Parma ti wá. Wáìnì tó ń hó ni wọ́n ń mu níbẹ̀ náà, Lambrusco lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n pupa ni. Ìlú méjì, àwọ̀ méjì, iṣẹ́ kan náà.

Bí wáìnì bá ń fa ẹnu pọ̀ bí obì

Ẹ fi eyín gé obì àbàtà. Kí ẹ tó jẹ ẹ́ tán, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti gbẹ, ahọ́n á sì máa ha gbẹ̀rẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Èròjà tí wọ́n ń pè ní tannin ló fà á. Ó máa ń so mọ́ àwọn purotéènì tó ń mú kí itọ́ máa yọ̀, bí ó bá sì ti kó wọn lọ tán, gbígbẹ ló kù.

Inú èèpo àti kóró àjàrà ni tannin wà. Èèpo àti omi èso ni wọ́n jọ ń pọn sínú àgbá bí wọ́n bá ń ṣe wáìnì pupa, ti funfun sì rèé, wọ́n á ti sẹ́ èèpo dànù kó tó pọn. Ìdí nìyí tí wáìnì pupa fi ń fa ẹnu pọ̀ ju funfun lọ, òun náà ló sì jẹ́ kí òfin àtijọ́ yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Lọ́dún 2012, Paul Breslin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Current Biology. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ń mu ohun tó ní irú èròjà yìí léraléra, gbígbẹ ẹnu á máa pọ̀ sí i ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mímu náà kò lágbára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbé e gba ẹnu pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá, ọ̀rá á máa dín gbígbẹ kù, gbígbẹ á sì máa dín yíyọ̀ ọ̀rá kù. Wọ́n ń bá ara wọn fa okùn, ẹnu olúwarẹ̀ sì wà láàárín ní ìrọ̀rùn.

Ẹ padà sí Segovia. Wáìnì pupa láti Ribera del Duero tó wà nítòsí, tí wọ́n fi àjàrà tempranillo ṣe, ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń mu sí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wọn. Ẹran náà funfun bí ẹyin, ṣùgbọ́n ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ pọ̀ tó láti gba tannin mọ́ra. Ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tí kò lọ́ràá, tí wọ́n kàn yan lásán, kò ní ohun tí yóò fi bá irú wáìnì bẹ́ẹ̀ jà. Wáìnì pupa Pinot Noir tó fúyẹ́ tàbí wáìnì funfun Chardonnay tó kún ẹnu díẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Iyọ̀, irú àti itan gbígbẹ

Nínú igbó óákù tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Spéènì, wọ́n máa ń tú ẹlẹ́dẹ̀ dúdú sílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di ìparí òtútù, kí wọ́n máa ṣa èso óákù tó já bọ́ jẹ. Ọ̀rá wọn á wá kún fún oleic acid, èyí tó pọ̀ nínú òróró ólífì. Bí ẹ bá gé itan wọn tó ti gbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ sì mú un dání díẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní ìka yín.

Iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú itan yìí, wọ́n á sì fi kọ́ sókè fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àkókò yẹn, purotéènì inú rẹ̀ á máa já sí wẹ́wẹ́, glutamate á sì jáde. Òun ni adùn tí Kikunae Ikeda, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jàpáànì, sọ ní umami lọ́dún 1908. Ẹni tó bá ti fi irú sebẹ̀ mọ̀ ọ́n lẹ́nu, kódà bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀.

Adùn yìí kì í bá tannin ṣọ̀rẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí wáìnì pupa tó le korò, bíi kí èèyàn fi ahọ́n lá irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mu fino ti ìlú Jerez sí itan gbígbẹ ní Andalusia, ní gúúsù Spéènì. Wáìnì funfun ni, kò dùn rárá, ọtí inú rẹ̀ sì tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ti ń gbó nínú àgbá, ìwúkàrà máa ń yọ bo ojú rẹ̀ bí àwọ̀n funfun, kí afẹ́fẹ́ má bàa dé ibẹ̀. Flor ni wọ́n ń pe àwọ̀n náà, ìyẹn òdòdó.

Ẹlẹ́dẹ̀ aláta àti ẹlẹ́dẹ̀ aládùn

Ní ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlẹ́dẹ̀ díndín aláta l'Ékòó, àti nídìí ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ mìíràn ló délẹ̀. Èròjà tó ń jẹ́ kí ata ta, capsaicin, máa ń kan ẹ̀yà kan lára iṣan ìmọ̀lára tó wà fún mímọ ooru. TRPV1 lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ David Julius ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1997, òun àti Ardem Patapoutian sì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021.

Ẹ̀yà yìí kan náà ni ọtí ń fọwọ́ kàn. Ọtí máa ń jẹ́ kí ẹ̀yà náà tètè jí, débi pé ooru ara lásán á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí iná. Ẹni tó bá wá gbé wáìnì pupa tí ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 14 tàbí 15 lé ata rodo lórí, epo ló ń bù sí iná. Riesling láti àfonífojì Mosel nílẹ̀ Jámánì, tó dùn díẹ̀, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 8 tàbí 9, tó sì tutù láti inú fíríìjì, ló máa pa iná náà.

Ṣúgà náà ní òfin tirẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọbẹ̀ aládùn kùn, bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà, máa ń jẹ́ kí wáìnì tí kò dùn dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Wáìnì pupa Zinfandel ti California, tí àjàrà rẹ̀ pọ́n dáadáa, lè dúró tì í.

Ẹni tí kì í mu ọtí ńkọ́?

Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, àwọn ìjọ Kristẹni kan náà sì kà á léèwọ̀. Ní ti ọtí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù Kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí kò léwu fún ìlera. Ṣùgbọ́n ẹnu kò béèrè orúkọ ohun tó ń mu. Sóbò tútù tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ kan, ó sì ń fa ẹnu pọ̀ díẹ̀. Ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹran ọlọ́ràá yòówù.

Ẹni tó bá ní wáìnì nílé lè dán an wò. Ẹ bu wáìnì pupa tó le díẹ̀ sínú ife. Ẹ bọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ mu díẹ̀, kí ẹ sì fi bí wáìnì náà ti rí lẹ́nu sọ́kàn. Ẹ wá wọ́n iyọ̀ sórí èyí tó kù, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ tún jẹ, kí ẹ tún mu. Wáìnì tó le bí obì lẹ́ẹ̀kan á ti rọ̀. Ìgò náà kò yí padà, àwọ̀ kankan kò sì yí padà. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan lẹ fi kún un.