Eré tí ó Ń Kọ́ni ní Iṣẹ́ Ewu

Nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń fi yanrìn se ọbẹ̀ nínú àfọ́kù ìkòkò, kò sí iná tí yóò jó wọn. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ohun tí ìyá wọn ń ṣe nídìí ààrò. Irú ọgbọ́n yìí ni a fi ń kọ́ àwọn tí yóò wa ẹ̀rọ ńláńlá ní iṣẹ́ lóde òní.

Edwin Link, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà. Ní ìlú Binghamton, bàbá rẹ̀ a máa ṣe dùùrù. Edwin mú irú ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó fi í sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré onípákó kan, ọkọ̀ náà sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni pé ó ń fò. Ọdún 1929 ni ó parí rẹ̀. Ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí; wọ́n ń gbé e sí ibi ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1934, a ní kí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ wọn kó lẹ́tà. Òkùnkùn àti kùrukùru dà wọ́n láàmú, ó sì lé ní mẹ́wàá nínú wọn tí ó kú láàárín oṣù mélòó kan. Nígbà náà ni ìjọba ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link.

Lónìí, ọgbọ́n náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn awa-katakata. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sórí àga tí ó ní ọ̀pá ìdarí bíi ti katakata gidi, yóò sì de awò tí ó bo ojú rẹ̀ pátápátá. Àwòrán kan wà fún ojú kọ̀ọ̀kan nínú awò náà. Bí ó bá yí orí, àwòrán náà yóò yí pẹ̀lú. Báyìí ni yóò ṣe máa rí kòtò, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni pé ó wà níbi iṣẹ́. Bí apá katakata bá kan wáyà iná, tàbí tí ẹ̀rọ bá dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, inú àwòrán nìkan ni jàm̀bá náà ti ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ lè mú kí òjò rọ̀, tàbí kí ènìyàn kan kọjá lẹ́yìn ẹ̀rọ lójijì. Kọ̀ǹpútà yóò sì kọ gbogbo àṣìṣe sílẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Èkíní, a kò fi ẹ̀mí wéwu. Èkejì, a kò fi epo ṣòfò, a kò sì ba ẹ̀rọ olówó iyebíye jẹ́. Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ lè tún iṣẹ́ kan náà ṣe títí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Òòyì a máa kọ́ àwọn mìíràn, nítorí pé ojú ń rí ìrìn tí ara kò rìn. Ẹni tí kò tíì wa ẹ̀rọ gidi tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 20 lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sì lè gbójú lé ara rẹ̀ jù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ tún tẹ̀lé ọ̀gá lọ sí oko iṣẹ́ kí a tó fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú eré tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹni tí ó ti ṣubú nínú eré yóò mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ń yọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé.