Kí wọ́n tó mú iná, ẹ ti dí fírísà yín

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC sọ owó iná àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, di Náírà 225 fún yúníìtì kan. Wákàtí 4 péré ni wọ́n là sílẹ̀ fún ìsọ̀rí E. Lórí ìwé nìyẹn o.

Bí àdúgbò bá bọ́ sí ìsọ̀rí E, ìyálé ilé tó ń ta ẹja tútù ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ̀n, níbi tí BEDC ti ń pín iná, lè pàdánù owó ọjà rẹ̀ sínú wákàtí 20 yòókù.

Fírísà tó kún, tí wọn ò ṣí, lè mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Àyè tó ṣófo ló ń ba ọjà jẹ́. Ẹ rọ omi sínú ike, kẹ́ ẹ fi dí àyè náà nígbà tí iná ṣì wà, kó lè dì gbagidi. Àmọ́ oníbàárà ò ní jẹ́ kí fírísà ẹlẹ́ja wà ní títì, nítorí náà, ẹ kó èyí tẹ́ ẹ máa tà lóòjọ́ sínú kúlà lọ́tọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, bẹntiróòlù lè jẹ èrè orí pààlì ẹja kan tán. Bó bá di dandan, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, ojú oorun ló sì máa ń ká èèyàn mọ́.