Ẹ̀rọ Plásímà: Ìṣẹ́jú 31 Lójú Òfúrufú

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe ń fi agbára mànàmáná ti ọkọ̀ lójú òfúrufú. Ọkọ̀ tí yóò bá lọ síwájú níbẹ̀ ní láti ju nǹkan sẹ́yìn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń sun epo, ó sì ń tu gáàsì gbígbóná jáde. Ṣùgbọ́n epo náà wúwo, kì í sì í pẹ́ kí ó tó tán. Ẹ̀rọ plásímà kì í sun ohunkóhun. Iná mànàmáná ni ó fi ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù gáàsì, tí gáàsì náà fi ń di plásímà. Iná yìí kan náà ni ó fi ń ta àwọn átọ̀mù náà sẹ́yìn bí ọfà, pẹ̀lú eré tí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún 1959, Harold Kaufman, òṣìṣẹ́ NASA ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ṣe irú ẹ̀rọ yìí kan tí ń lo mẹ́kúrì. Inú àgbá ńlá tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni wọ́n ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ lè máa fa àwọn átọ̀mù náà padà, kí gbogbo làálàá sì já sí asán. Wọ́n ṣe ohun èlò tí ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lé àwọn átọ̀mù náà bí wọ́n ti ń jáde. Ó ṣiṣẹ́ nínú àgbá. Àmọ́ ta ni ó mọ̀ bóyá ara àgbá ni ó ń ràn án lọ́wọ́? Òfúrufú kò ní ògiri.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1964, wọ́n rán SERT-I lọ sókè pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì. Ẹ̀rọ tí ń lo cesium kò ṣiṣẹ́ rárá. Ti Kaufman ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 31. Ọkọ̀ náà ń yí bí òkòtó. Bí eré yíyí rẹ̀ ti yí padà ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹ̀rọ ń tì í lóòótọ́. Iyàn já.

Agbára ẹ̀rọ yìí kò pọ̀. Kò lè gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ ayé. Ti Deep Space 1, tí ó gbéra ní ọdún 1998, kò ju ìwúwo abala ìwé kan lórí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 16,000 lọ. Irú ẹ̀rọ kan náà ni ó gbé Dawn dé Vesta ní ọdún 2011, tí ó sì tún gbé e dé Ceres ní ọdún 2015. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè ohun tí ìṣẹ́jú 31 lè ṣe, ẹ ti mọ èsì tí ẹ ó fún un.