Lọ́yà Kan, Iṣẹ́ Méjì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹjọ́ rírò ní kóòtù lọ́tọ̀, èyí tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn, tó ń bá a kọ ìwé àdéhùn lọ́tọ̀. Ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó rojọ́ olè láàárọ̀ lè jókòó kọ ìwé ilẹ̀ lọ́sàn-án.

Kó tó débẹ̀, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì fún ọdún márùn-ún, kó tó wá lọ sí Ilé-Ìwé Òfin. Láyé ìjelòó, London ni wọ́n ti ń gba oyè lọ́yà bọ̀, bí Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣe gbà á ní 1879. Ọdún 1962 ni òfin tó dá ilé-ìwé tiwa sílẹ̀ jáde. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Bwari ní Àbújá ni olú rẹ̀ wà báyìí.

Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé náà le. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ìdánwò rẹ̀: ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ lọ́yà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń mọ ipò akẹ́kọ̀ọ́, ì báà ti ta yọ nínú mẹ́rin yòókù. Wọ́n tún máa ń rán wọn lọ jókòó ti adájọ́ ní kóòtù, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá, tí yóò sì fọwọ́ síwèé ní Kóòtù Tó Ga Jùlọ.

Wíìgì àti aṣọ dúdú ni aráyé ń rí. Àmọ́ lọ́yà kékeré ló ń gbé fáìlì lọ sí kóòtù, òun ló ń wádìí ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, òun náà ló ń kọ lẹ́tà di alẹ́. Ó lè jókòó láti aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó sọ pé adájọ́ ò ní jókòó, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Owó tí àwọn ọ̀gá kan ń san fún un kò tó owó ọkọ̀. Èyí kò dára rárá, ó sì yẹ kí àwọn àgbà lọ́yà tún un ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láàyè láti gbowó kọ ìwé ilẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo òǹtẹ̀ NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, tó wà lára ìwé náà, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ lọ́yà yín ló wà níbẹ̀.