Àgádágodo tuntun ti onílé mọ́ta: Ohun tí ẹ lè ṣe bí update bá dá kọ̀ǹpútà yín dúró

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjọ́ Ajé ni. Ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín ní Malu Road, ẹ sì ti tan jẹnẹrétọ̀. Éjẹ́ǹtì kan tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Apapa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ẹrù ló fẹ́ tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́ Sátidé wá tàn, ó gbé ojú aláwọ̀ búlúù jáde, ó kú, ó tún tàn, ó tún kú. “Bọ̀dá, mò ń bọ̀,” ni oníbàárà máa wí, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

Ọ̀pọ̀ á ní fáírọ́ọ̀sì ni, tàbí pé tòkunbọ̀ náà ti bàjẹ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà gan-an ló ń dá a dúró. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018.

Kí ló fà á?

Processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń kánjú. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó rí oníbàárà rẹ̀ lókèèrè, tó ti bu ẹ̀bà àti ọbẹ̀ sílẹ̀ kí ìyẹn tó sọ ohun tó fẹ́. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ni oníbàárà fẹ́, ìyá á da ọbẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti wà lára abọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, àwọn olùwádìí, tí àwọn ti Google àti Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Graz ní Austria wà lára wọn, kéde pé olè lè ti ara “òórùn” yẹn mọ àṣírí inú kọ̀ǹpútà, títí kan páswọ́ọ̀dù. Meltdown àti Spectre ni wọ́n pe àléébù náà.

Nítorí pé inú processor fúnra rẹ̀ ni àléébù wà, àwọn ilé iṣẹ́ ní láti tún kernel ṣe. Kernel ni ìpìlẹ̀ Windows tàbí Linux. Bó bá wó, gbogbo ilé wó nìyẹn. Ìkánjú sì bí àṣìṣe. Microsoft dá update rẹ̀ dúró fún àwọn kọ̀ǹpútà AMD kan tí kò tàn mọ́. Kernel 4.4.0-108 ti Ubuntu 16.04 kọ̀ láti tàn lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Kíá ni wọ́n gbé 4.4.0-109 jáde. Ní ọjọ́ 22, Intel fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dáwọ́ àtúnṣe tirẹ̀ dúró, torí àwọn ẹ̀rọ tó ní processor Haswell àti Broadwell ń pa ara wọn tàn.

Kí lẹ máa ṣe?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú fọ́máàtì ẹ̀rọ yín. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà á bá a lọ.

Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, ẹ tàn án, kí ẹ pa á bó ti ń wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú ewé àtúnṣe á yọ. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, lẹ́yìn náà Uninstall Updates. Bó bá jẹ́ Ubuntu, ẹ di Shift mú bó ti ń tàn, tàbí kí ẹ tẹ Esc, ẹ mú Advanced options, kí ẹ sì yan kernel ti tẹ́lẹ̀.

Bó bá ti tàn, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ gba BIOS tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tó wá gba update tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ kíyè sí iná o! Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń wọlé, ẹ̀rọ náà lè má jí mọ́.

Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń pa ààbò náà pátápátá kí ẹ̀rọ lè yára. Ẹ má gbà. Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ayé ti ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà báńkì wọn, ni ààbò yẹ jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ béèrè irú processor tó wà nínú rẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Intel sọ pé òun kò ní ṣe àtúnṣe Spectre fún àwọn ògbólógbòó kan, tí díẹ̀ lára Core 2 Duo wà nínú wọn.

Bí àgádágodo bá há, àgádágodo là ń tún ṣe. A kì í torí ẹ̀ yọ ilẹ̀kùn dànù.