Pátákò Ẹṣin àti Ilẹ̀ Olókè

Ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìka àárín ni, ó nà gbọọrọ, èékánná sì ràdọ̀ bo ṣóńṣó rẹ̀. Èékánná yìí là ń pè ní pátákò. Ohun tí èékánná wa àti ìwo àgbò jẹ́ náà ni pátákò jẹ́. Òkè ló ti ń hù wá sísàlẹ̀, bíi mílímítà 8 sí 10 lóṣù kan. Èyí tó bá yọ létí irun lónìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan kó tó kan ilẹ̀. Bí ibà bá ṣe ẹṣin, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ yí padà lójijì, ilà á yọ yí pátákò ká bí òrùka. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á wo ibi tí òrùka náà sọ̀ kalẹ̀ dé, á sì sọ ìgbà tí ìyà jẹ ẹṣin, bí ẹni tó tà á fẹ́, bó kọ̀.

Nílẹ̀ Ọ̀kún wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ìró pátákò kì í ṣe ìró ayẹyẹ láyé àwọn baba ńlá wa. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà máa ń ya wọ àárín Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọwọ́rọ̀, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Orí òkè ni àwọn èèyàn wa ń sá gùn. Lóṣù Kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dé ìlú Kábbà, àwọn ológun Tápà tó tẹ̀dó síbẹ̀ sì ti kúrò kí wọ́n tó dé. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Ìbọn ni ìwé ìtàn ń yìn. Èmi yóò yin àpáta pẹ̀lú. Pátákò ń yọ̀ lórí àpáta dídán, pàápàá bí òjò bá ti rin ín, ẹni tó sì gun ẹṣin kò lè fi gun òkè Ọ̀kún bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Àwa náà kì í ṣe ẹlẹ́ṣin púpọ̀. Eṣinṣin tsetse inú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa. Òkè ọya ni wọ́n ti ń fà á wá. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, pátákò máa ń le kokooko, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹṣin náà fi kì í sábà wọ bàtà irin láyé àtijọ́. Ọkọ́, àdá àti ọfà ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ.

Ọ̀dà títì ló sọ bàtà irin di ọ̀ràn. Ẹṣin tó ń jó lójú títì, bíi ti Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú, ń fi pátákò rẹ̀ ha ilẹ̀ ju bó ṣe ń hù lọ. Ẹni tó ń gé pátákò, tó sì ń kan bàtà irin mọ́ ọn, kì í dúró tààrà sẹ́yìn ẹṣin. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ló ń dúró sí, á fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà wálẹ̀ títí ẹṣin á fi gbé e fún un, á wá há a mọ́ àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Á kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú. Á fi ẹ̀mú gé èyí tó gùn jù, á fi fáìlì yún un kó tẹ́ bákan náà. Ẹran onígun mẹ́ta kan wà nísàlẹ̀ tó rọ̀ bíi rọ́bà, tó ń gba ìwúwo ẹṣin mọ́ra. Ìyẹn, ìwọ̀nba ni wọ́n ń gé lára rẹ̀. Bí ẹṣin bá tẹlẹ̀, gìgísẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀, á sì ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fi ń jìyà lẹ́sẹ̀.

Etí pátákò níta ni ìṣó ń gbà, níbi tí kò sí ẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣìnà wọlé díẹ̀ péré, ẹṣin á tiro. Lọ́sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á tú irin náà, wọ́n á gé pátákò, wọ́n á tún un kàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ewu yìí sí débi pé òfin wọn ti 1975 kò gbà kẹ́ni tí kò forúkọ sílẹ̀ kan bàtà mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà láti 1356. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní ọ̀bẹ tó mú àti ìgboyà ni.

Ní Kábbà, òjò ló ń ba pátákò jẹ́ ju títì lọ. Láàárín oṣù Kẹrin sí ìkẹwàá, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ á há sí ẹ̀gbẹ́ ẹran onígun mẹ́ta náà, á jẹrà, á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ibùso ẹṣin. Wọ́n á ha á mọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi iodine tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì sí i. Bí ilẹ̀ ibùso bá ṣì rin gbindin, kí wọ́n yáa ra ìgò kejì sílẹ̀.